Omi Bọ́fà nínú Ìtàn Ìwádìí Ẹ̀jẹ̀ Fòníkú-Fọ̀ladìde

Àwọn òpìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì a máa yin ẹ̀rọ tí Arne Tiselius gbé jáde ní Sweden ní 1937, ẹ̀rọ tí ó ń fi iná mànàmáná ya purotéènì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu ba omi inú rẹ̀. Bọ́fà ni omi náà. Òun ni iná ń gbà kọjá. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ìwọ̀n kíkan, èyí tí a ń pè ní pH, yí padà bí ásíìdì ti ń jáde ní ẹnu wáyà kan tí álíkálì sì ń jáde ní èkejì. Purotéènì kan náà lè gbé iná pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gátíìfù; pH omi tó yí i ká ló ń pinnu rẹ̀.

Lórí èyí ni Linus Pauling, Harvey Itano, S. J. Singer àti Ibert Wells dúró ní Kalifọ́níà ní 1949, tí wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ àrùn kan tí ó kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. (Orúkọ náà bá ìrora tí ń lọ tí ń bọ̀ mu ju ti Òyìnbó lọ.) Wọ́n rí i pé bí pH bá jẹ́ 6.87, hẹmoglóbíìnì ẹni tí kò lárùn náà kì í rìn rárá. Ti aláàrùn, 7.09 ni. Ìyàtọ̀ yìí kéré jọjọ. Ṣùgbọ́n nínú bọ́fà fọ́sífétì tí pH rẹ̀ jẹ́ 6.9, tí ó bọ́ sí àárín méjèèjì, hẹmoglóbíìnì aláàrùn kọrí sí ẹnu wáyà nẹ́gátíìfù, èkejì sì kọrí sí pọ́sítíìfù. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a ń pè ní AS lónìí fi oríṣi méjèèjì hàn pọ̀.

Ní 1955, Oliver Smithies ní Toronto fi sítáàṣì ṣe jẹ́ẹ̀lì. Ó rántí bí sítáàṣì tí ìyá rẹ̀ fi ń tọ́jú aṣọ ti máa ń dì. Ní 1970, U. K. Laemmli lo pH 6.8 ní òkè jẹ́ẹ̀lì àti 8.8 ní ìsàlẹ̀, kí purotéènì lè kọ́kọ́ kóra jọ kí wọ́n tó pínyà. Bọ́fà Tris àti glycine, tí a fi methanol 20% sí, ni Harry Towbin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kó purotéènì láti inú jẹ́ẹ̀lì sórí nitrocellulose ní 1979.

Ní ti àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù lórí cellulose acetate, pH 8.4 sí 8.6 ni wọ́n sábà ń lò. Níbẹ̀, ojú kan náà ni S àti D ń dúró sí. Àfi nínú ágà citrate, ní pH 6.0 sí 6.2, ni D tó ń fi S sílẹ̀ lọ bá A. Bọ́fà àlòtúnlò tí agbára rẹ̀ ti tán sì lè mú kí àwọn ìlà wọ̀nyí wọnú ara wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé àbájáde yẹn ni àwọn àfẹ́sọ́nà méjì ń wò kí wọ́n tó pinnu bóyá àwọn yóò fẹ́ ara wọn.