Làdà Àwọn Tí Ń Ta Ìwé Ìròyìn

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa lónìí ni owó oṣù àwọn ọ̀gá tí ń bójú tó ọjà títà ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Àwọn akọ̀ròyìn a máa kùn pé ẹni tí kò kọ ìlà kan lè máa gbowó ju olóòtú lọ. Kí á tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí owó náà ti ṣẹ̀.

Nígbà tí Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Iṣẹ́ ìhìnrere ni, kì í ṣe òwò.

Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ó ti di òwò ṣáájú ìgbà náà. Ní ọdún 1833, Benjamin Day dá ìwé ìròyìn Sun sílẹ̀ ní New York. Sẹ́ǹtì kan ni ó ń tà á nígbà tí àwọn mìíràn ń gba mẹ́fà. Ibo ni èrè yóò ti wá? Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń polówó ọjà ni. Ojú àwọn òǹkàwé ni Day ń tà fún wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1842, Volney Palmer ní Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ìwé ìròyìn wá ìpolówó, ó sì ń gba ìdámẹ́rin owó náà. Làdà gan-an nìyẹn, bí alágbàtà ti ń jẹ ẹ́ lọ́jà màlúù. Làdà náà wálẹ̀ di 15 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n àṣà náà kò parẹ́. Iṣẹ́ ẹni tí ó mú ìpolówó wá ṣeé kà ní owó. Ta ni yóò ka iye tí olóòtú pa mọ́ fún ilé iṣẹ́, nígbà tí ó yọ irọ́ kan kúrò kí ó tó di ẹjọ́?

Ní Èkó, àwọn oníṣòwò òyìnbó wà lára àwọn tí ó dá Daily Times sílẹ̀ ní ọdún 1926, pẹ̀lú Adéyẹmọ Alákijà. Ernest Ikoli ni olóòtú àkọ́kọ́. Ẹni tí ń polówó ọjà ti wà nínú ilé láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù rà á ní ọdún 1947, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun dé, ọkọ̀ sì ń gbé ìwé ìròyìn lọ sí ìlú jíjìn. Ọjà títà di ẹ̀ka ńlá tí ó nílò ọ̀gá tirẹ̀.

Èmi kò bínú sí owó oṣù tí ó jọjú. Làdà ni mo ń bẹ̀rù, nítorí ẹni tí ń jẹ ẹ́ lórí ìpolówó yóò máa fẹ́ kí ìròyìn sún kẹ́rẹ́.

Ẹ sì wo Akéde Èkó. Ní ọdún 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas, olóòtú rẹ̀, fúnra rẹ̀ kọ àwọn lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá, àwọn òǹkàwé sì ń retí wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lórí ìjókòó yìí, ta ni ì bá jẹ làdà ọjà yẹn?