Ibà, Agbo àti Ìwọ̀n Ara ní Kòsọ́fẹ́

Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀: omi tó gbé e níyì náà ló mú ibà wọ̀ ọ́. Ẹ̀rí èyí pọ̀ ní ilẹ̀ Kòsọ́fẹ́, níbi tí odò Ògùn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ Mile 12 àti Kétu kọjá lọ sí ọ̀sà, tí ó ń kún bo àbàtà Agboyì lásìkò òjò, tí ẹ̀fọn sì ń yé sí gbogbo omi adágún tó bá ṣẹ́kù.

Ohun tí àwọn àgbà oníṣègùn wa fi ń kọ́mọ ni pé kòkòrò ń bẹ nínú ara oníkálukú, tó ń gbé àyè tirẹ̀ jẹ́jẹ́; ìgbà tí oòrùn, iṣẹ́ àṣekúdórógbó tàbí oúnjẹ olóròóró bá mú un kọjá ààlà rẹ̀ ni ara ń gbóná, tí ojú ń pọ́n, tí ẹnu ń korò. Nítorí náà ni wọ́n fi ń se agbo kíkorò, kì í ṣe láti pa kòkòrò run, bí kò ṣe láti lé e padà sí àyè rẹ̀. Títí dòní, èèpo ahùn àti ewé orúwo kò wọ́n lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ, pẹ̀lú dongoyárò, igi ilẹ̀ Íńdíà tó ti di ọmọ onílé.

Ní Íńdíà yìí kan náà ni Dókítà Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ọdún 1897. Nígbà tí William MacGregor, tí òun náà jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó ní ọdún 1899, ó ń pín kuiníìnì, oògùn ibà, fún ará ìlú, ó sì ń la ojú omi láti fa àbàtà gbẹ. Ìkorò kuiníìnì kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó ti mu orúwo dàgbà.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú; gbígbóná ara oníbà náà ní ìdí tirẹ̀. Ọpọlọ ni alákòóso ooru ara, ìwọ̀n tó sì ń ṣọ́ kò jìnnà sí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí kòkòrò ibà bá bẹ́ jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á gbé ìwọ̀n náà sókè, á sì pàṣẹ pé kí iṣan máa gbọ̀n kí ooru lè pọ̀; ìdí nìyí tí aláàárù ọjà Mile 12 fi lè da aṣọ bora lọ́sàn-án gangan, tí eyín rẹ̀ ń kọlu ara wọn, nígbà tí iwájú orí rẹ̀ ń jó ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí ìwọ̀n bá tún wálẹ̀, òógùn á bò ó.

Àwọn baba wa kò ṣìnà nígbà tí wọ́n ní ara ní ìwọ̀n tí àìsàn ń dà rú. Ẹ̀fọn tó gbé adàrúdàpọ̀ náà wọlé nìkan ni wọn kò fura sí. Ṣùgbọ́n ara lè tutù kí kòkòrò ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹni tó mu agbo, tó làágùn, tó sì kọ̀ láti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.