Ohun Tí Yanosuke Hirai Rí Lórí Ìjókòó

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ewú orí ni òwe yìí ń yìn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ewú lásán kì í ríran. Ohun tó ń la àgbà lójú ni pé ó ti gbọ́ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ rí, kò sì jẹ́ kí ìtàn náà kọjá létí òun lásán. Àpẹẹrẹ tó dá mi lójú jù lọ wà ní etíkun ìlà-oòrùn Jàpáàn, ní Onagawa, ìlú àwọn apẹja ní ẹkùn Miyagi, níbi tí ilé-iṣẹ́ Tohoku Electric kọ́ ilé amúnáwá núkílíà sí.

Ríákítọ̀ mẹ́ta ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Èkíní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984, èkejì ní 1995, ẹ̀kẹta ní 2002. Ooru yùréníọ́ọ̀mù ló ń sọ omi inú ríákítọ̀ di oru, oru yìí ló ń yí tọ́báìnì tó ń mú iná wá. Omi òkun tútù tó ń gba inú páìpù kọjá ló sì ń sọ oru náà di omi padà, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá etí òkun fún irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n pípa ríákítọ̀ kò fòpin sí ewu rẹ̀. Bí ààrò tí a ti fa igi kúrò nínú rẹ̀, yùréníọ́ọ̀mù ṣì ń gbóná fún ọjọ́ pípẹ́, pọ́ǹpù sì gbọ́dọ̀ máa gbé omi tù ú lára tọ̀sán-tòru. Iná ló ń wa pọ́ǹpù. Bí òkun bá ya wọlé tó ba iná jẹ́, yùréníọ́ọ̀mù á yọ́.

Ọmọ Miyagi gan-an ni Yanosuke Hirai, ẹnjiníà tí wọ́n bí ní 1902. Ó ti jẹ́ igbákejì ààrẹ Tohoku Electric rí kó tó di ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó ní 1968 láti gbìmọ̀ lórí ibi tí ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ilé náà lé yóò ga dé. Àwọn kan ní mítà 12 ti tó. Hirai kọ̀ jálẹ̀. Ó mọ̀ nípa sùnámì ọdún 869, tí àwọn ará agbègbè rẹ̀ kò jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ parun láti ìran dé ìran. Wọ́n gbà fún un nígbẹ̀yìn, wọ́n sì gbé ilé náà ka ilẹ̀ tó fi mítà 14.8 ga ju òkun lọ. Ó tún rántí pé òkun a máa fà sẹ́yìn kí sùnámì tó dé, ó sì ní kí wọ́n ṣe ojú ọ̀nà omi lọ́nà tí omi yóò fi kù nínú rẹ̀ fún àwọn pọ́ǹpù. Ó kú ní 1986.

Ní Fukushima Daiichi, ilé amúnáwá núkílíà mìíràn ní etíkun kan náà, òkè tó ga tó mítà 35 ni wọ́n bá létí òkun. Wọ́n gé e wálẹ̀ dé mítà 10, kó lè rọrùn láti fa omi àti láti já ẹrù wíwúwo láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ní 2008, ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ tó ni ibẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ fi hàn pé sùnámì lè ga ju mítà 15 lọ níbẹ̀. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ohun tó dùn mí jù nìyí: ọmọdé gun igi, ó rí i ní tòótọ́, kò sì gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2011, ilẹ̀ mì. Onagawa sún mọ́ orísun ìmìtìtì náà ju Fukushima lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé náà lé rì tó mítà kan, omi ga tó mítà 13, àlàfo tó kù kò tó mítà kan. Kì í ṣe pé wọ́n bọ́ láìfarapa: iná sọ ní ilé tọ́báìnì ríákítọ̀ kìíní, omi wọ ìsàlẹ̀ ilé ríákítọ̀ kejì, mẹ́rin nínú wáyà iná márùn-ún tó wá láti ìta sì já. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Kó tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ríákítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tutù. Nínú ìlú, àwọn tó kú tàbí tó sọnù lé ní 800. Àwọn tí omi gbé ilé wọn lọ sá wá sí ọgbà ilé amúnáwá náà, àwọn tó lé ní 300 sì forí pamọ́ síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ga, ibẹ̀ ló gbẹ.

Wọ́n ti fẹ̀yìn ríákítọ̀ kìíní tì. Wọ́n mọ ògiri tó ga dé mítà 29 yí iwájú òkun ká, ríákítọ̀ kejì sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 2024. Síbẹ̀, àwọn kan ní Ishinomaki, ìlú tó wà nítòsí, lọ sílé ẹjọ́ nítorí ètò bí wọn yóò ṣe sá bí nǹkan bá bàjẹ́. Ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ wọn nù, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹjọ́ wọn yẹ ní gbígbọ́. Orí ilẹ̀ tóóró tó wọ inú òkun lọ ni ilé amúnáwá náà wà, ọ̀nà tó jáde níbẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ sì mì ní Noto, níbòmíràn ní Jàpáàn, ní oṣù kìíní 2024, ọ̀nà wà lára ohun tó bàjẹ́ mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́.