Ta Ni Òkú Ogun? Ìtumọ̀ Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun ní Nàìjíríà

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ lọ́dọọdún ni ìjọba Nàìjíríà máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú. Wọn a fi òdòdó sí ibi ìrántí, wọn a fun fèrè ológun, wọn a yin ìbọn ńlá, wọn a sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì àlàáfíà. Ṣáájú ọjọ́ náà ni ààrẹ àti àwọn gómìnà ti máa ń fi owó ta Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì, lọ́rẹ. Wọn kì í ti ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ọjọ́ yìí. Bí olùkọ́ bá tilẹ̀ mẹ́nu bà á, ohun tí yóò sọ kò ju pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè tí ó wà ní ìdí ayẹyẹ náà: òkú ta ni wọ́n ń rántí?

Orúkọ àti Ojú Oórì

Ní àwùjọ Yorùbá, orúkọ ni wọ́n fi ń rántí òkú. Jagunjagun tí ó bá ṣubú sí ojú ogun, tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ délé, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé wá fún àwọn ẹbí kí wọ́n lè sin ín, nítorí ojú oórì ni àwọn ọmọ ti ń bọ baba wọn. Oríkì a sì máa dárúkọ ẹni náà, ilé rẹ̀ àti ogun tí ó lọ.

Ìrántí ti ìjọba yàtọ̀ sí èyí. Ère ọmọ ogun kan tí kò ní orúkọ ni ó dúró fún gbogbo wọn. Yúróòpù ni àṣà yìí ti wá. Ní 1920, wọ́n sin ọmọ ogun kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ sí Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé àgbá ìbọn ti fọ́ òkú púpọ̀ débi pé kò ṣeé ṣe láti dá wọn mọ̀. Ní ti ọmọ Áfíríkà, ohun mìíràn ni ó sọ ọ̀pọ̀ wọn di aláìlórúkọ. Wọ́n ní orúkọ. Àwọn tí ó kó wọn lọ sógun ni kò kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ tí wọn kò tọ́jú rẹ̀.

Ọjọ́ 11 Oṣù Bélú

Ṣáájú ogun abẹ́lé, ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni Nàìjíríà ń ṣe ìrántí yìí, bí àwọn ilẹ̀ yòókù tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ náà ní 1918 ni ìbọn dákẹ́ ní Yúróòpù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916, wọ́n sì tún lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ìjà Mahiwa ti pa púpọ̀ nínú wọn ní oṣù Ọ̀wàrà 1917. Àwọn aláàárù pẹ̀lú wà níbẹ̀. Eṣinṣin tí ó ń fa àìsàn oorun kì í jẹ́ kí ẹṣin àti màlúù yè nínú igbó wọ̀nyẹn, orí ènìyàn ni ọta ìbọn àti oúnjẹ sì ń gbà dé ojú ogun. Ebi, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti òtútù pa àwọn aláàárù nípakúpa. Ère tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà, tí ó dúró ní Ìdúmọ̀tà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé e kúrò, fi aláàárù hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ogun. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ère kì í ṣe orúkọ.

Ní oṣù Igbe 2021, Commonwealth War Graves Commission, àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìròyìn kan jáde tí ó fi jẹ́wọ́ pé, ó kéré tán, 116,000 òkú Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọn kò fi orúkọ rántí tàbí tí wọn kò rántí rárá. Ó ṣeé ṣe kí iye náà tó 350,000. Àwọn ọmọ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìròyìn náà tún tú àṣírí ohun tí Gómìnà Guggisberg ti Gold Coast sọ ní 1923, pé ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò ní mọ iyì òkúta orí ibojì. Ẹni tí ó bá ti rí ojú oórì nínú agbo ilé kan rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jìnnà sí òótọ́ tó.

Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ń pè ní Ogun Hítílà, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Ní Taukkyan, ní orílẹ̀-èdè Bọ́mà, wọ́n fín orúkọ bí 27,000 ọmọ ogun tí kò ní ibojì sára òpó, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn. Ní ilé níbí, orúkọ ojú ogun ni wọ́n fi sọ bárékè: Dodan ní Ìkòyí, Arakan ní Àpápá, Letmauck ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni ó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà Letmauck lójoojúmọ́ tí kò mọ̀ pé Bọ́mà ni orúkọ náà ti wá.

Ọjọ́ 15 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Nínú Dodan Barracks yìí gan-an ni Philip Effiong ti wá túúbá fún Gowon ní orúkọ Bìáfírà ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe gbé ọjọ́ ìrántí kúrò ní oṣù Bélú. Ìpinnu náà ní ọgbọ́n nínú: ó yẹ kí orílẹ̀-èdè tí ó ti gba òmìnira sọkún òkú tirẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Gowon sì ti kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnì kan túúbá ni wọ́n mú, ó sì ṣòro kí ẹni náà tó rí i bí ọjọ́ ìrántí òkú tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá ológun tí ó jà fún Bìáfírà tí ìjọba lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọdún 2000 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ tó yí ìlékúrò wọn padà sí ìfẹ̀yìntì.

Ọjọ́ náà tún ní òjìji mìíràn. Ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1966 ni àwọn ọmọ ogun kan dìtẹ̀ gbàjọba fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní Kàdúná, wọ́n pa Ọ̀gágun S. A. Ademulegun pẹ̀lú aya rẹ̀, wọ́n sì pa Ọ̀gágun R. A. Shodeinde. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, ọmọ ogun Nàìjíríà bíi tiwọn ni ó sì pa wọ́n. Títúúbá 1970 nìkan ni ìdí tí wọ́n fi mú ọjọ́ náà, ti 1966 kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Victor Banjo tilẹ̀ ta kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, òun ni ó sì ṣáájú ẹgbẹ́ ogun Bìáfírà tí ó la Agbègbè Àárín Ìwọ̀-Oòrùn kọjá ní oṣù Ògún 1967 títí dé Òrè. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún náà, ìjọba Bìáfírà fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, wọ́n sì yìnbọn pa á ní Enugu. Nàìjíríà kà á sí ọ̀tá, Bìáfírà kà á sí ọ̀dàlẹ̀. Kò sí òdòdó tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè fi lélẹ̀ fún un. Èdè Yorùbá ni kò gbàgbé ìjà náà. Àwọn ènìyàn ṣì ń sọ pé “ó le kú, ìjà Òrè” bí wọ́n bá rí ohun tí ó nira.

Isaac Fadoyebo

Ọmọ Emùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ni Isaac Fadoyebo. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, wọ́n sì fi í sínú ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù kọlù wọ́n lẹ́bàá odò Kaladan ní Bọ́mà. Ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni ó wà nínú igbó náà títí di oṣù Ọ̀pẹ, nítorí pé àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman fi wọ́n pamọ́, ó sì ń wá oúnjẹ fún wọn. Bí ọwọ́ Jàpáànù bá tẹ̀ ẹ́, òun àti ìdílé rẹ̀ ni ìbá kú.

Fadoyebo kọ ìtàn náà sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, ó sì dárúkọ àgbẹ̀ náà síbẹ̀. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ gba lẹ́tà náà. Kò sí ọjọ́ ìrántí orílẹ̀-èdè kankan tí ó kan irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí kò gbé ìbọn rí. Fadoyebo fúnra rẹ̀ kú ní oṣù Bélú 2012.