Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Òbí àti Ọmọ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ ti gbọ́ òwe tó wà lókè yìí rí, àbí? Ohun tí ọmọ bá gbé kúrò nílé ni aráyé máa rí lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá yín.

Ní 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Nínú Unix, ètò kan ló ń bí òmíràn. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fúnra wọn ń pè wọ́n ní òbí àti ọmọ. Àṣẹ tó ń jẹ́ fork á ṣe ẹ̀dà òbí. Exec á wá gbé iṣẹ́ tuntun lé ọmọ lọ́wọ́.

Nígbà tí Unix keje jáde ní 1979, òbí tún lè di ẹrù fún ọmọ: ibi tí ilé rẹ̀ wà, ibi tí yóò ti máa wá àwọn àṣẹ. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀dà ni ọmọ gbà. Bó ti wù kó tún ẹrù rẹ̀ dì tó, ti òbí kò ní yí padà.

Agbára òbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Unix kẹfà ti 1975 ni ptrace ti wà. Òbí lè fi dá ọmọ dúró, kó wo inú ìrántí rẹ̀, kó sì yí ohun tó bá rí níbẹ̀ padà. Àwọn tó ń wá àṣìṣe nínú ètò nílò rẹ̀ gan-an. Nígbà náà, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Nígbà tó yá, àwọn ètò bíi Linux jẹ́ kí a lè di ètò tí kì í ṣe ọmọ wa mú. Ewu ibẹ̀ nìyí: ẹni tó bá lè wo inú ètò lè jí ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà níbẹ̀.

Unix keje yẹn náà ló mú chroot wá. Ó ń sọ fún ètò pé fódà kan ṣoṣo ni gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ètò tó bá ní àṣẹ ọ̀gá lè jáde. Ìdí nìyẹn tí FreeBSD fi gbé jail jáde ní 2000, èyí tó sé fáìlì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àwọn ètò yòókù mọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Linux bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2002. Ní 2013, Docker sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò.

Ẹ rí i pé ìtàn agbára nìkan kọ́ lèyí. Ìtàn ààlà ni pẹ̀lú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fún ètò kan lágbára lórí òmíràn, ó di dandan kí wọ́n wá bí wọn yóò ṣe dè é.

Tí ẹ bá ní Mac tàbí Linux, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ env. Gbogbo ohun tó bá jáde, òbí kan ló dì í sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ kà á dáadáa o.