Dídí Ọ̀nà Mọ́ Inflúẹ́ńsà Nínú Sẹ́ẹ̀lì Wa: Ibi Tí Ìwádìí Oògùn Dé

Àwọn oògùn tí a mọ̀ jù lọ fún inflúẹ́ńsà, fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bá jà, fáírọ́ọ̀sì náà sì ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọdún 1966 ni wọ́n fọwọ́ sí amantadine ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 2006, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì H3N2 tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀ kò gbóògùn náà mọ́, ni àjọ CDC bá ní kí àwọn dókítà yéé lò ó. Oseltamivir, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Tamiflu, jáde ní 1999. Láàárín 2007 sí 2009, ìyípadà kan ṣoṣo, H275Y, ti gba inú H1N1 ìgbà náà kan. Baloxavir dé ní 2018, ìyípadà I38T sì ti yọjú láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń dán an wò lára ènìyàn. Àrùn tí àjọ WHO ṣírò pé ó ń pa 290,000 sí 650,000 ènìyàn lọ́dọọdún kọ́ ni a lè fi sílẹ̀ báyìí.

Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi yíjú sí ara ẹni tí àrùn mú. Ègé RNA mẹ́jọ péré ni inflúẹ́ńsà A ní. Àlejò tí kò gbé ìkòkò wá ni; ìkòkò onílé ló fi ń se oúnjẹ. Fáírọ́ọ̀sì lè yí ara rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n jíìnì ènìyàn kì í yára yí bẹ́ẹ̀. Ní 2010, ẹgbẹ́ König ka 295 jíìnì ènìyàn tí fáírọ́ọ̀sì náà ń lò, ẹgbẹ́ Karlas ní Berlin sì ka 287. Èyí tó wà nínú àkójọ méjèèjì kò pọ̀ rárá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé orúkọ kan nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ti di oògùn.

Nínú gbogbo wọn, TMPRSS2 ló dá wa lójú jù. Kí fáírọ́ọ̀sì tó lè wọ sẹ́ẹ̀lì, a gbọ́dọ̀ gé purotéènì HA tó wà lára rẹ̀ sí méjì, kò sì ní ohun tí yóò fi gé e. Ẹ́ńsáìmù TMPRSS2 tó wà nínú ọ̀nà èémí wa ló ń bá a ṣe é. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Jámánì fi hàn pé eku tí wọ́n yọ jíìnì yìí kúrò lára rẹ̀ kò ṣàìsàn tó le nígbà tí wọ́n fi H1N1 sí i lára. Àwọn eku náà ń gbé, wọ́n sì ń bímọ bí eku yòókù. Ohun tó ṣe kókó nìyẹn: ara lè fara da àìsí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Camostat, tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ní Japan fún àìsàn pancreas, ń dá ẹ́ńsáìmù yìí dúró. Àmọ́ H3N2 kì í gbára lé TMPRSS2 tó bẹ́ẹ̀, ẹ́ńsáìmù mìíràn, furin, sì ni H5N1 tó burú ń lò.

Ọ̀nà kejì wá láti Jámánì kan náà. Ní 2001, Stephan Pleschka, Stephan Ludwig, Oliver Planz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé tí wọ́n bá dí Raf/MEK/ERK, ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé ìsọfúnni káàkiri inú ara rẹ̀, ẹ̀dà jíìnì fáírọ́ọ̀sì á há sínú àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, kò ní lè jáde. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni zapnometinib ti wá, oògùn ilé iṣẹ́ Atriva ní Tübingen. DAS181 ní tirẹ̀ ń ha ṣúgà tí fáírọ́ọ̀sì ń dì mọ́ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì. Ó dín fáírọ́ọ̀sì kù lára àwọn aláìsàn nínú ìdánwò tí èsì rẹ̀ jáde ní 2012, ṣùgbọ́n ara wọn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ yá kíákíá.

Wọ́n máa ń sọ pé fáírọ́ọ̀sì kò lè bọ́ lọ́wọ́ irú oògùn báyìí. A kò gbà bẹ́ẹ̀, ara adìyẹ sì ni ẹ̀rí wa wà. Ní 2016, ẹgbẹ́ Wendy Barclay ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé purotéènì sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ ANP32A ni fáírọ́ọ̀sì ń lò láti ṣe ẹ̀dà jíìnì rẹ̀. Ní 2023, àwọn àti Roslin Institute ní Edinburgh gbé àbájáde adìyẹ tí wọ́n tún ANP32A rẹ̀ ṣe jáde. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kò kó àrùn náà. Nígbà tí wọ́n sọ ìwọ̀n fáírọ́ọ̀sì di ìlọ́po 1,000, ìdajì wọn kó o, fáírọ́ọ̀sì tó jáde lára wọn sì ti ń lo ANP32B àti ANP32E, ìbátan èyí tí wọ́n dí mọ́ ọn. Ó di ìgbà tí wọ́n yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì adìyẹ kí ó tó dúró. Nàìjíríà, tó jẹ́ orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí H5N1 wọ̀ ní 2006, kò gbọdọ̀ fi èsì yìí ṣeré.

Ní èrò tiwa, kì í ṣe kí oògùn tuntun lé ti àtijọ́ lọ ló yẹ ká máa wá. Kí a so wọ́n pọ̀ ni: kí a dí TMPRSS2 tàbí MEK fún ọjọ́ díẹ̀, kí oseltamivir tàbí baloxavir sì máa bá fáírọ́ọ̀sì jà nígbà kan náà, kí ó lè nira fún un láti sá fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló yẹ kí ìdánwò náà kọ́kọ́ kàn, torí pé ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá wákàtí 48 tí oògùn tó wà báyìí fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àjọ FDA kò tíì fọwọ́ sí oògùn kankan tó ń gba ara sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ṣiṣẹ́ báyìí fún ìtọ́jú inflúẹ́ńsà.