Òkété lẹ́yìnkùlé: Ohun tó yẹ kí ará Topo mọ̀ kó tó lọ ra májèlé

Bí ẹ bá jí láàárọ̀, tí ẹ rí ihò tuntun lẹ́bàá ògiri, tí yanrìn tútù wà lẹ́nu rẹ̀, tí nǹkan sì ti jẹ ìdí ẹ̀gẹ́ mẹ́ta-mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkété ló wá.

Ní Topo, lágbègbè Àgbádárìgì, ilẹ̀ yanrìn rọrùn láti gbẹ́, àgbọn àti ẹ̀gẹ́ sì wà. Iṣẹ́ oko ti pẹ́ níbẹ̀: ní 1876 ni ìjọ Àgùdà dá oko ńlá sílẹ̀ ní Topo. Ibi tí oúnjẹ bá wà ni òkété ń wá.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀?

Òkété tóbi ju èkúté ilé lọ dáadáa. Ó lè wọn kìlógíráàmù 1 sí 1.5. Ìrù rẹ̀ gùn, ìparí rẹ̀ sì funfun. Òru ló ń jẹ̀. Ó ní àpò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ló ń kó ẹyìn àti ẹ̀gẹ́ sí lọ sínú ihò. Ihò kan lè ní ẹnu bíi mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dí ẹyọ kan fi máa ń rí i pé ó tún gba ibòmíì jáde.

Ọ̀tọ̀ ni eku kékeré tó ń gbé àìsàn Lassa kiri, èyí tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè láti 1969. Síbẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbá èyíkéyìí mú.

Kí ló burú nínú májèlé?

Ní Florida, l'Amẹ́ríkà, àlejò ni òkété. Èyí tí wọ́n kó wọ̀lú ló sá jáde ní erékùṣù Grassy Key, ìjọba ibẹ̀ sì fẹ́ pa á run pátápátá. Ní tiwa, onílẹ̀ ni, ẹran ọbẹ̀ sì ni. Ibẹ̀ ni ewu wà. Àwọn májèlé eku kan kì í pa á lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan. Òkété tó jẹ májèlé lọ́gbà yín lónìí lè kó sí pàkúté ọdẹ lọ́la, kó sì dé inú ìkòkò ẹlòmíì. Ẹ má gbà pé sísè á mú un kúrò. Ológbò, ajá àti òwìwí náà lè jẹ ẹ́.

Ọ̀ta-pia-pia ńkọ́? Ọmọdé lè ṣèèṣì mu ún. Ní 2019, NAFDAC gbógun ti títa ìgò kékeré irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Kí ni ká ṣe?

• Ẹ máa ṣa àgbọn àti ẹyìn tó bá já bọ́ kílẹ̀ kó tó di alẹ́. Ẹ dé gàrí àti garawa ìdọ̀tí pa.
• Ẹ ro igbó tó wà lẹ́bàá ògiri.
• Ẹ wá gbogbo ẹnu ihò náà. Ẹ dẹ pàkúté sí i nírọ̀lẹ́, níbi tí ọmọdé ò lè dé, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò ní kùtùkùtù.
• Bí ihò bá ti ṣófo, ẹ fi òkúta àti sìmẹ́ńtì dí gbogbo ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.
• Ẹ ri nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́lẹ̀ yí ọgbà ẹ̀gẹ́ ká.
• Ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Bí ilé kan bá dí ihò tí èkejì ò dí i, òkété á kàn ṣí lọ sọ́dọ̀ èkejì ni.

Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé májèlé jẹ, ẹ gbé e lọ kíákíá, kí ẹ mú páálí májèlé náà dání. Ẹ má fi epo pupa rọ ọ́.